Ẹ̀yin tó ń múra Amẹ́ríkà, ẹ má fẹnu ara yín ti ara yín mọ́lé

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tí mo mú bí àbúrò pè mí láti àtìmọ́lé àwọn ímígíréṣọ̀n. Ìyá rẹ̀ ló kú, ó lọ sin ín n'Ìbàdàn, ìgbà tó ń padà bọ̀ ni wọ́n dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti gba green card, ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe fún wọn?" Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa.

Lọ́dún kẹta tó dé, ó gbé ẹrù jáde ní ilé ìtajà kan láìsanwó. Adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún un, ó sì ní kó má wulẹ̀ ṣe é, kó máa lọ sílé, kó ṣáà ti tọwọ́ ọmọ rẹ̀ bọṣọ. Ó ti fọwọ́ síwèé pé òun jẹ̀bi, ó dúpẹ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé lábẹ́ òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1996, ọdún kan tí adájọ́ ní kó má ṣe àti ọdún kan téèyàn ṣe tán, ọ̀kan náà ni. Olè jíjà tó bá ti gba ẹ̀wọ̀n ọdún kan ti wọ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí wọ́n fi ń dá àlejò, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà bó tilẹ̀ ní green card, padà sílé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Gbogbo ohun tí ẹ ń bi àwa tó ti wà ní Amẹ́ríkà ni owó ilé, iṣẹ́, ilé ìwé ọmọ. Ẹnìkan kì í bèèrè bí kóòtù wọn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ìjọba kan ṣoṣo kọ́ ló ni ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n níbí. Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀, ìpínlẹ̀ 50 ní tiwọn, àwọn kántì, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, tó lé ní 3,000 náà tún wà. Ìbò ni wọ́n fi ń yan ọ̀pọ̀ ṣẹ́rífù, ọ̀gá ọlọ́pàá kántì, ìbò náà ni wọ́n fi ń yan ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba, ẹni tó bá sì ń wá ìbò máa ń fẹ́ káwọn èèyàn rí i pé òun ń rán èèyàn lẹ́wọ̀n. Ohun tí ìpínlẹ̀ kan fàyè gbà, òfin àpapọ̀ lè kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wo igbó: Colorado dìbò pé kí àgbàlagbà máa fà á láti 2012, ṣùgbọ́n àlejò tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ímígíréṣọ̀n pé òun fà á rí ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba ìwé ara rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀wọ̀n wọn sì ní ìtàn tó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Àtúnṣe kẹtàlá sí òfin ìpìlẹ̀ wọn ló fòpin sí oko ẹrú ní 1865, ṣùgbọ́n wọ́n fi "àyàfi" kan sí i: àyàfi bó bá jẹ́ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kóòtù dá fún èèyàn. Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù bá gba ojú àyàfi yẹn wọlé. Wọ́n ń mú ọkùnrin dúdú pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ń fi í háyà fún àwọn tó ni oko àti ibi ìwakùsà. Alabama ò jáwọ́ títí di 1928. Nígbà tó di 1971, Ààrẹ Nixon kéde ogun lórí oògùn olóró. Òfin 1986 wá sọ pé gíráàmù 5 kokéènì oníkókó (crack), tí wọ́n ń mú jù lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú, yóò gba ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ó kéré tán, iye kan náà tí gíráàmù 500 oníyẹ̀fun ń gbà. Ọdún 2010 ni wọ́n tó dín ìyàtọ̀ yẹn kù, wọn ò tilẹ̀ mú un kúrò tán. Lónìí, àwọn tó wà látìmọ́lé àti lẹ́wọ̀n ń lọ sí mílíọ̀nù méjì.

Ẹ má sọ pé ọmọ Nàìjíríà lẹ̀yin, pé tàwọn yẹn ò kàn yín. Nílé, bí ọlọ́pàá bá dá wa dúró, a ó sọ̀kalẹ̀, a ó rìn tọ̀ ọ́ lọ, a ó kí i. Ọ̀wọ̀ ni lójú wa. Oṣù kejì tí mo dé Houston ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kan ti kanlẹ̀ kí n tó gbọ́ tó pariwo pé kí n padà sínú ọkọ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ìbọn ìdí rẹ̀, ọmọdé ni, ọwọ́ ọ̀hún sì ń gbọ̀n. Ìwé ìwakọ̀ mi wà lápò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Ọlọ́run ni ò jẹ́ kí n kiwọ́ bọ̀ ọ́. Ní oṣù kejì 1999, Amadou Diallo, ọmọ Guinea, ẹni ọdún 23, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Bronx, ọlọ́pàá mẹ́rin yin ìbọn 41 sí i, wọ́n ní àwọn rò pé ìbọn ló fẹ́ yọ. Pọ́ọ̀sì rẹ̀ ni. Kóòtù ní wọn ò jẹ̀bi.

Nítorí náà, ẹ jókòó, ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárìn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ mú kí ẹ tó mú un. Ẹ má fi owó lọ̀ wọ́n láéláé. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá mìíràn nìyẹn.

Bí wọ́n bá mú yín, ẹ sọ ọ́ jáde pé ẹ fẹ́ dákẹ́ àti pé ẹ fẹ́ lọ́yà, kí ẹ sì dákẹ́ lóòótọ́. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sọ ní 1963 pé ìjọba gbọ́dọ̀ fún ẹni tí kò lówó ní lọ́yà nínú ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá. Ní 1966, ó ní ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí wọ́n mú pé ó lè dákẹ́ kí wọ́n tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Àwa Yorùbá, àlàyé la fi ń bẹ̀bẹ̀, a rò pé bí ọ̀gá bá gbọ́ ẹjọ́ wa tán, àánú yóò ṣe é. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Gbogbo àlàyé yẹn ni wọn yóò kà jáde ní kóòtù.

Ibi tí a ti ń ṣubú jù ni ìwé "mo jẹ̀bi". Nínú ẹni mẹ́wàá tí kóòtù Amẹ́ríkà dá lẹ́bi, ó lé ní mẹ́sàn-án tí ẹjọ́ wọn ò dé iwájú jùrì, àwọn ará ìlú tó ń sọ bóyá èèyàn jẹ̀bi, rárá. Wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi kí ìyà lè fúyẹ́ ni. Ìdí rẹ̀ ò ṣòroó rí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú béèlì dọ́là 10,000 wá, tí ẹ ò ní in, onídùúró, oníṣòwò tó ń dúró fúnni ní kóòtù, yóò gba nǹkan bíi 1,000 lọ́wọ́ yín ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, kò sì ní dá a padà bí ẹ tilẹ̀ jàre. Bí ẹ ò bá ní 1,000 náà, àtìmọ́lé ni, iṣẹ́ ti lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìwé tó ní kí ẹ fọwọ́ sí i kí ẹ máa lọ sílé yóò dà bí àánú. Láti 2010 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ pé lọ́yà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún àlejò bí ẹ̀bi náà bá lè mú kí wọ́n dá a padà sílé. Ẹ bi í ní ìbéèrè yẹn lójúkojú. Bí kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ ò tíì fọwọ́ sí i.

Tọkọtaya ńkọ́? Bí ẹnìkan bá pe 911, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ọlọ́pàá, nínú ìjà, a ò lè pe ẹbí jọ ká parí ẹ̀ ní pálọ̀ mọ́. Ìjọba ló ni ẹjọ́, ẹni tó pè wọ́n ò lè fà á padà. Ìdálẹ́bi lórí ìjà ilé sì wà nínú ohun tí òfin 1996 yẹn fi ń dá àlejò padà.

Ti àbúrò mi, lọ́yà tuntun ń gbìyànjú láti tún ẹjọ́ àkọ́kọ́ ṣí, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún un. Kóòtù ímígíréṣọ̀n kì í fúnni ní lọ́yà ọ̀fẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ta ọkọ̀ wọn, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ báyìí, èmi ni mò ń gbé àwọn ọmọ méjèèjì lọ sílé ìwé.