Wọn Ò Bi Ìyá Ẹlẹ́kọ

Láti àná ni àwọn èèyàn ti ń fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tí wọ́n ń kí mi kú oríire. Ọ̀pọ̀ yín ti rí i: ọ̀gá ibi ìgbafẹ́ yẹn nínú agbádá funfun, àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn onídàájọ́ mẹ́ta tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní nínú gbogbo ibi ìgbafẹ́ tó díje, tiwọn ló ń tọ́jú àyíká jù, tiwọn ló sì ń ṣe ará àdúgbò lóore jù. Torí pé mo máa ń kó àlejò lọ síbẹ̀ lẹ ṣe ń kí mi. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe àmín sí i. Inú ló ń bí mi. Mo ti gbé e sùn lálẹ́ àná, mi ò fẹ́ tún gbé e sùn lálẹ́ òní.

Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí àwọn tó ń tibẹ̀ jẹun pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á mọ́ra.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń mú àlejò yí Ìbàdàn ká. A máa ń dé Mápó, a máa ń gun Layípo lórí Òkè Àrẹ̀, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbí, kí wọ́n lè rí òrùlé páànù ìlú wa bó ṣe tẹ́ lọ salalu. Àwọn tó bá fẹ́ràn ẹyẹ, inú igbó IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, là ń lọ ní ìdájí, torí ẹyẹ dúdú kan tórí rẹ̀ pupa. Orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi pè é, Ibadan malimbe. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni èèyàn ti lè rí i ní gbogbo ayé, ó sì ti ń tán lọ. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé mi ò kórìíra ìrìn-àjò afẹ́. Òun ni mo fi ń sanwó ilé ìwé àwọn ọmọ mi. Ìrìn-àjò afẹ́ tí kò ní ba ilẹ̀ jẹ́, tí kò ní ba omi jẹ́, tí kò ní sọ onílé di àlejò nílé ara rẹ̀, ó jẹ mí lógún ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ táwọn onídàájọ́ wá. Òyìnbó ni méjì nínú wọn, ẹnì kẹta jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n láti Èkó. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ gbé wọn wá láti òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni wọ́n ti kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀, a sì mọ ohun tí onílé ń ṣe tó bá ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo bá ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan lẹ́nu géètì, òdòdó inú ìkòkò ló kún inú rẹ̀. Mo rò pé wọ́n rà wọ́n ni. Ọkùnrin olódòdó náà ń ka ìkòkò bí wọ́n ṣe ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ó jẹ́ 44. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, ó ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọ̀la lòun máa wá kó wọn padà.

Agbọ̀n ìdọ̀tí mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjẹun, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan aláwọ̀ búlúù, ọ̀kan aláwọ̀ yẹ́lò. Wọ́n kọ ọ́ sí wọn lára: ti ike, ti bébà, ti àjẹkù oúnjẹ. Ọ̀kan nínú àwọn onídàájọ́, màdáámù kan tó ní sùúrù, lóṣòó síwájú wọn, ó ya fọ́tò wọn dáadáa. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí. Bébà tí wọ́n kọ iye owó sí ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí agbọ̀n yẹ́lò náà. Mo rí i. Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mú wọn wọ yàrá tútù kan, ó tan àwòrán sára ògiri. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti bàjẹ́. Ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún nínú àwọn àwòrán náà, ọwọ́ obìnrin kan ni, ó ń pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé eéran. Àtàǹpàkò tẹ ìdí ewé mọ́lẹ̀, àwọn ìka yòókù ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ wọlé, èéfín ẹ̀kọ gbígbóná ń gba àárín wọn jáde. Àpá iná kan wà lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún náà, ó gùn gbọọrọ títí dé ìdí àtàǹpàkò. Mo mọ àpá yẹn. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ti ń jókòó sábẹ́ igi ọdán tó wà níwájú ibẹ̀ kí wọ́n tó mọ ọgbà rárá. Àwọn awakọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, èmi náà, ọwọ́ rẹ̀ la ti ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀. Kò fi náílọ́ọ̀nù pọ́n ẹ̀kọ rí, ewé ni. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ewúrẹ́ àdúgbò á jẹ ewé náà, ilẹ̀ á mọ́. Nínú ilé ìjẹun tí wọ́n torí rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ, abọ́ ike funfun ni wọ́n ń bu oúnjẹ sí, ṣíbí ike ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́.

Ọ̀gá ń sọ fún àwọn onídàájọ́ pé àwọn ń ti àwọn obìnrin àdúgbò lẹ́yìn, pé àwọn fún wọn láàyè láti máa tajà láìgbowó lọ́wọ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ní, "Ẹni tó lọwọ́ yìí dà?" Ìyá Ẹlẹ́kọ wà nílé. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ẹ̀ṣọ́ géètì ti sọ fún òun àtàwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń tajà pé kí wọ́n má wá, pé àlejò pàtàkì ń bọ̀, wọn ò fẹ́ kí ẹnu géètì rí wúruwùru. Ó ti lọ àgbàdo, ó ti sẹ́ ògì ọjọ́ kejì. Ẹ rò ó wò o. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ògiri nínú yàrá tútù, òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ìdí igi ọdán. Mo rọra fi fóònù mi ya àwòrán ọwọ́ náà.

Nígbà tí mo gbé àwọn àlejò padà sí òtẹ́ẹ̀lì tán, mo yà síbẹ̀ láti wá gba owó mi. Olódòdó ti ń kó ìkòkò rẹ̀ sọ́kọ̀. Ọmọkùnrin kan ti bárò dé, ó da agbọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, ike, bébà, àjẹkù oúnjẹ, ó tì í gba ẹ̀yìn ọgbà lọ. Odò kékeré kan wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó bọ́ sómi.

Ará Ìbàdàn ni wá, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ohun tí ìdọ̀tí inú odò lè ṣe fún wa. Àwọn òbí wa ò gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa, 31 oṣù Kẹjọ 1980. Àwa náà fojú wa rí ti 26 oṣù Kẹjọ 2011, nígbà tí ẹ̀mí tó lé ní 100 bómi lọ, tí omi sì ba Ọgbà Agodi jẹ́. Nǹkan kan wà nípa ọdún 1980 yẹn tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ Ìrìn-Àjò Afẹ́ Lágbàáyé tí gbogbo ayé ń ṣe ní 27 oṣù Kẹsàn-án, ọmọ Nàìjíríà ló dá a lábàá, Ignatius Amaduwa Atigbi, 1980 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é. Oṣù kan ò tíì pé tí Ògùnpa gbé èèyàn lọ. Mo máa ń sọ ọ́ fáwọn àlejò mi tá a bá dúró lórí Layípo, torí ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jìnnà síra wọn lójú tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ fún ibi ìgbafẹ́ ní àmì ẹ̀yẹ nílùú yìí, odò ẹ̀yìn ọgbà ni kó kọ́kọ́ lọ wò.

Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń ṣe é? Láti nǹkan bí 2004 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ World Responsible Tourism Awards ní ìlú òyìnbó, irú àmì ẹ̀yẹ báyìí ti di púpọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹni tó ń wá àmì ẹ̀yẹ ló ń kọ fọ́ọ̀mù, òun ló ń ka iṣẹ́ rere ara rẹ̀, òun ló ń yan àwòrán. Àwọn onídàájọ́ á kà á, wọ́n á fún un ní máàkì. Kì í ṣe pé kò sí ìlànà tó dáa. GSTC, ìyẹn àjọ Global Sustainable Tourism Council tó gbé ìlànà kalẹ̀ fún irú nǹkan yìí káàkiri ayé pín tiwọn sí ọ̀nà mẹ́rin: bí wọ́n ṣe ń darí ibẹ̀, àǹfààní tó ń kan ará àdúgbò, ìtọ́jú àṣà, ìtọ́jú àyíká. GSTC fúnra rẹ̀ kì í sì í fún òtẹ́ẹ̀lì níwèé ẹ̀rí, àwọn àjọ tó ń yẹ̀ wọ́n wò ló ń fọwọ́ sí. Mo ti ka ìlànà yẹn, ó dáa. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ará àdúgbò gbọ́dọ̀ jàǹfààní, ta ló yẹ ká bi bóyá ó jẹ ẹ́? Ṣé ọ̀gá tó ń wá àmì ẹ̀yẹ ni? Àwọn bàbá wa ti parí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Mi ò sọ pé òṣìkà làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màdáámù yẹn, èèyàn dáadáa ni. Bá a ṣe ń padà lọ, gbogbo igi tó wà lójú ọ̀nà ló bi mí lórúkọ, ó sì ń kọ wọ́n sílẹ̀: ìrókò, àràbà, ayùnrẹ́. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ó bi mí nípa igi, kò bi mí nípa obìnrin inú àwòrán.

Àwọn kan á ní ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ò kàwé, kí ló mọ̀ nípa káábọ́ọ̀nù. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n lo sólà, ó mọ ọjọ́ tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló ń ké láti àárọ̀ dalẹ́, torí etí rẹ̀ ló ń ké sí. Ó mọ iye ọmọ àdúgbò tí wọ́n gbà síṣẹ́ àti iye tí wọ́n lé. Ó mọ ìgbà tí kànga ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, lẹ́yìn tí àwọn yẹn gbẹ́ bọ́hòòlù kejì. Tó bá jẹ́ èmi ni, nínú àga mẹ́ta táwọn onídàájọ́ jókòó sí, irú rẹ̀ ni màá fi jókòó sórí ọ̀kan. Màá sì ní káwọn méjì yòókù wá láìsọ fẹ́nì kan, kí wọ́n jẹ ẹ̀kọ lábẹ́ igi ọdán ní aago méje àárọ̀ kí wọ́n tó wọ géètì. Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì, bá a ṣe ń ki ìlú wa nìyẹn, a sì ń fi yangàn. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò dùn létí mi rárá.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn kó tó di ọ̀sán òní. Mo ti kọ lẹ́tà sí àwọn onídàájọ́, mo sọ ti òdòdó, ti agbọ̀n, ti odò, ti ọwọ́ Ìyá. Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ sọ fún un, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo bá a tó ń nu ewé. "Àkànní, o ti jẹun?" Mo jókòó tì í, mo fi àwòrán náà hàn án. Ó gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó ní, "Ọwọ́ mi rèé." Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Mo ka lẹ́tà náà fún un ní Yorùbá látòkè délẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Mo ní, "Ìyá, ká ní wọ́n bi yín lọ́jọ́ yẹn, kí lẹ ò bá sọ fún wọn?"

"Ǹ bá ní ibẹ̀ dáa ni."

"Odò ńkọ́? Ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà síbẹ̀ ńkọ́?"

Ó mú ewé kan, ó nù ún níwájú, ó yí i padà, ó nù ún lẹ́yìn. "Ta lo rò pé ó ń ti bárò yẹn? Ọmọ ọmọ mi ni." Ó ní oṣù kẹjọ rèé tó ti wà níbẹ̀, wọn ò jẹ ẹ́ lówó oṣù rí, ibi tí wọ́n ní kó dà á sí ló ń dà á sí. Ó ní tí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa nítorí lẹ́tà mi, ta ló máa gbà á síṣẹ́? Táwọn àlejò ò bá wá mọ́, táwọn awakọ̀ ò wá mọ́, ta ló máa jẹ ẹ̀kọ òun? "Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní ká má wá, Àkànní. Ọjọ́ kan."

Mo ní wọ́n lo àwòrán rẹ̀ láìtọrọ àyè. Ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá, òun fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Láti àná ni mo ti ń sọ pé ó yẹ kí wọ́n bi í. Mo ṣì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti bi í wàyí, mi ò sì mọ ohun tí màá fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú fóònù mi. Mo ti yọ ibi tí mo ti sọ ti odò àti bárò kúrò lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì.