Ẹ Má Pe Atẹ́gùn Ní Kámà

Atẹ́gùn ṣí páànù ìsọ̀ ìyá ẹlẹ́wà àdúgbò wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òjò ò tíì dá tí fọ́tò rẹ̀ fi dé orí WhatsApp, tí ẹnì kan sì ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Kámà rèé o. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀." Èèyàn mọ́kànlá na àtàǹpàkò sí i. Ẹ̀san iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni wọ́n ń pè ní kámà.

Òwe kò ṣẹ̀ wá. Ẹni tó da eérú, ọwọ́ rẹ̀ á funfun. Ta ló rí ọwọ́ ìyá yìí? Ẹ̀yin tí ẹ ń pe kámà kiri bí ẹni ń polówó ẹ̀kọ, ṣé ẹ bi àwọn tó ni ọ̀rọ̀? Búdà, ẹni tó dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀, sọ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní Íńdíà pé cetanā, ìyẹn ohun tí èèyàn pinnu nínú kó tó sọ̀rọ̀ tàbí kó tó gbọ́wọ́ sókè, lòun ń pè ní kámà. Nígbà tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sivaka sì bi í léèrè nípa àwọn tó ń sọ pé iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá ló fa gbogbo ìrora, Búdà ní wọ́n ṣì í sọ: òróòro ń fà á, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń fà á, ìyípadà ojú ọjọ́ náà ń fà á. Ojú ọjọ́ o!

Bí inú bá ti rí ni obì ń yàn. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà a máa sọ ìtàn bàbá ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan, Cakkhupala, tó fọ́jú. Lẹ́yìn òjò, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lóru, kòkòrò sì kú bẹẹrẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, àwọn àlejò gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Búdà. "Ṣé ẹ rí i níbi tó ti ń pa wọ́n?" Wọ́n ní rárá. "Bí ẹ ò ṣe rí i, bẹ́ẹ̀ lòun náà ò rí kòkòrò." Ẹjọ́ tán. Àmọ́ ìtàn yìí kan náà ló sọ pé nígbà tí Cakkhupala wáyé ṣáájú, oníṣègùn ojú ni. Obìnrin kan tó wò sàn purọ́ kó má bàa san ẹ̀jẹ́ tó jẹ́, lòun náà bá fi ìbínú po oògùn míì tó fọ́ ọ lójú. Ọwọ́ kan náà ló po oògùn méjèèjì, inú ló yàtọ̀.

Nítorí náà, ìwọ tó tẹ "kámà", kí ló wà nínú rẹ nígbà tó ò ń tẹ̀ ẹ́? Ìyá yẹn ò tà ọ́ láwìn, gbogbo wa la gbọ́, o wá ń ṣọ́nà de ọjọ́ tí páànù rẹ̀ máa ṣí. Má sọ fún mi pé àwàdà ni. Páànù mẹ́ta ṣì wà nínú gọ́tà, lọ bá a gbé e.