Ẹ fi kọ́ọ̀sì MEMS yìí sílẹ̀ fún mi o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. Ọ̀gá kan dìde ní mítìn dẹpátímẹ́ǹtì, wọ́n ní ká yọ kọ́ọ̀sì MEMS kúrò, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n ń gbẹ́ sára silicon, pé níbi tí ò ti sí cleanroom, yàrá tí ò léruku tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n, kí la fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn kan sì ń mi orí sí i! Tó bá jẹ́ pé ohun tá ò lè ṣe nílé la ò gbọ́dọ̀ kọ́, ẹ yáa ti ẹ̀ka elẹ́tíríkà pa, torí ta ló ń ṣe transistor ńbí?

MEMS tí wọ́n ń sọ yẹn wà lápò gbogbo wa ní mítìn ọ̀hún. Tẹ́ ẹ bá dá fóònù yín dùbúlẹ̀ tójú ẹ̀ yí, ta lẹ rò pé ó sọ fún un?

Kíláàsì àkọ́kọ́, mi ò ṣí ìwé rárá. Mo ní kí wọ́n wa phyphox sórí fóònù, áàpù tó ń ka àwọn sẹ́ńsọ̀ inú fóònù ni, ọ̀fẹ́ ni, yunifásítì kan ní Aachen ní Jámánì ló ṣe é, kí wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ló bá ń kọ nǹkan bíi 9.8 níbi tó ti ń wọn acceleration, ìyẹn bí eré ṣe ń yí padà. Ọmọ kan lẹ́yìn pariwo, "Sà, tèmi ti bàjẹ́ o, kò kúrò lójú kan, ó lóun ń sáré!" Mo ní kó jù ú sórí fóòmù, ó kọ̀, ó ní màmá òun ló rà á. Tèmi náà la padà jù. Nígbà tó wà lófuurufú, nọ́ńbà yẹn já wálẹ̀, ó kù díẹ̀ kó di òdo. Hàá, ariwo sọ, èyí tó dúró ní 9.8, èyí tó ń já bọ́ ò ní nǹkan kan!

Ibẹ̀ ni mo ti wọlé sí wọn lára: inú sẹ́ńsọ̀ fóònù yẹn, ègé silicon kékeré kan ló wà níbẹ̀ tó rọ̀ sórí sípíríǹgì, tó ní ìka bí eyín òòyà, àlàfo àárín wọn ò ju máíkírọ́ọ̀nù kan tàbí méjì lọ (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Tábìlì ń ti fóònù sókè, ègé yẹn ń fà sẹ́yìn, àlàfo yí padà, capacitance, bí wọ́n ṣe lè gba iná pamọ́ tó, náà yí padà, sákíìtì kà á. Tí gbogbo wọn bá jọ ń já bọ́, kò sóhun tó ń fa sípíríǹgì. Cleanroom wo lẹ rí níbẹ̀?

Àmọ́ ká sòótọ́, tá a bá dé ibi bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bí ásíìdì HF (hydrofluoric) ṣe ń jẹ oxide, ìpele bíi gíláàsì tó wà lábẹ́ ègé yẹn, kó lè rọ̀ sórí sípíríǹgì, bó ṣe máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bá ń gbẹ, bọ́ọ̀dù àti fídíò ni gbogbo ẹ̀. Ọmọ yẹn náà ló tún bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ tó bá ti lẹ̀. Mo dá a lóhùn, èsì inú ìwé ni. Wọn ò ní yọ kọ́ọ̀sì yìí lójú mi, ṣùgbọ́n tí ọ̀gá yẹn bá gba ibẹ̀ yẹn yọ sí mi ní mítìn tó ń bọ̀, mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ.