Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó kò sí lápò ṣòkòtò obìnrin

Nínú gbogbo àwòrán tí wọ́n fi ń polówó ṣòkòtò ìrìn òkè fún obìnrin, bákan náà ni arẹwà tó wọ̀ ọ́ máa ń dúró. Orí àpáta ni ẹ ó ti bá a, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun rẹ̀ sẹ́yìn, tó gbójú sókè bí ẹni tó ń retí àlejò láti ojú sánmà, tó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìbàdí mú. Ó pẹ́ tí mo ti gbà pé ìgboyà ni ìdúró náà ń fi hàn, pé arábìnrin náà ti ṣẹ́gun òkè, ó wá ń yangàn fún un. Ìgbà tí mo ra irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ fún ara mi ni mo tó mọ ohun tó gbé ọwọ́ rẹ̀ dé ìbàdí: kò rí ibi tì í bọ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìjà ni mo gbé dé. Ọpẹ́ ni mo wá dú lọ́wọ́ àwọn tó ń rán ṣòkòtò wọ̀nyí, nítorí ó hàn gbangba pé wọ́n jókòó, wọ́n ronú jinlẹ̀ nípa obìnrin, wọ́n sì fẹnu kò pé obìnrin tó bá ń gun òkè kì í bẹ̀rẹ̀, kì í jókòó, kì í mú ohunkóhun dání, kì í tọ̀, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ ju pé kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí ìdí rẹ̀ dáadáa. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò tó ṣiṣẹ́ àrán, oko ló ń gbé. Ti ìsinsìnyí yàtọ̀: orúkọ oko ni wọ́n sọ ọ́, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ amọ̀ ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n iwájú dígí ló ń gbé, ọjọ́ tó bá sì pàdé ẹ̀gún àkọ́kọ́ ni yóò tó mọ̀ pé igbó kì í ṣe ibi fáàrí.

Mẹ́jọ ni mo wọ̀ wò lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, nínú yàrá kótópó kan tí wọ́n gbé dígí sí níwájú àti lẹ́yìn kí ojú lè tì mí níhà méjèèjì. Èkíní gba orúnkún kọjá, ó dé itan, ó sì takú bí ẹṣin tó rí ejò lójú ọ̀nà. Èkejì gba itan, ó gba ìdí, lẹ́yìn tí mo ti fò lẹ́ẹ̀mẹta tí mo sì ti fa ikùn sínú, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìbàdí, àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn mi tó èyí tí mo lè ki odidi ìkúùkù bọ̀. Mo lóṣòó láti dán an wò, nítorí ẹni tó bá ń rìn nínú igbó yóò lóṣòó dandan, bí kò tilẹ̀ ju pé kó so okùn bàtà lọ. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀yìn ṣòkòtò náà wọ́ wálẹ̀. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. “Àǹtí, ṣé ó gbà yín?” ni ọmọ tó ń tajà béèrè láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Mo ní ó gba ẹsẹ̀ mi, ó kù kó gba ìyókù. Ó fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé yóò fẹ̀ bí mo bá ti ń wọ̀ ọ́, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ kún un pé àbí kí èmi náà kúkú fọn díẹ̀. Mo ronú sí i títí: nínú èmi àti ṣòkòtò yẹn, ta ni wọ́n ń tà?

Ohun tó fa gbogbo rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ara obìnrin kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi ń ṣe àpẹẹrẹ aṣọ wọn. Bí wọ́n bá ti gé ti ẹni náà tán, ìwọ̀n kan náà ni wọn yóò máa fi fẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n fi sún un kì fún gbogbo obìnrin yòókù, àfi bí ẹni pé páńpù kan náà ni wọ́n fi fẹ́ gbogbo wa. Pé ìbàdí ẹnì kan lè tín-ín-rín kí ìdí rẹ̀ sì kún, pé itan ẹlòmíràn lè nípọn nítorí pé òkè ló fi ń gùn, gbogbo èyí kò wọ inú ìṣirò.

Kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò wọn obìnrin rí. Láàárín 1939 sí 1940, ìjọba Amẹ́ríkà rán àwọn èèyàn jáde pẹ̀lú téèpù, wọ́n wọn nǹkan bí 15,000 obìnrin, ibi 59 ni wọ́n sì ti wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Inú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti fa ìlànà ìwọ̀n aṣọ obìnrin yọ ní 1958. Nígbà tó di 1983, wọ́n pa á tì, oníkálukú sì ń ṣe bó ṣe wù ú. Bí ọkùnrin bá fẹ́ ra ṣòkòtò, nọ́mbà méjì ni yóò dá: inṣì ìbàdí àti inṣì ẹsẹ̀. Ní ti obìnrin, wọn á ní 8 ni. 8 kí ni? Kì í ṣe inṣì, kì í ṣe ọjọ́ orí, kì í ṣe iye ọmọ tó bí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo jẹ́ 8 ní ìsọ̀ kan, tí mo di 12 ní èkejì, nígbà tí n ó sì fi dé ìkẹta, lẹ́tà ni wọ́n sọ mí dà. Àwọn mìíràn gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ aṣọ lójú, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń dín nọ́mbà rẹ̀ kù, kí oníbàárà lè rò pé òun ti fọn, kó sì fi ayọ̀ sanwó.

Ọ̀rọ̀ àpò gba ìfarabalẹ̀. Ní 2018, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, The Pudding, wọn àpò jíǹsì 80 láti ọwọ́ iléeṣẹ́ 20. Wọ́n rí i pé àpò iwájú ti obìnrin fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún kúrú ju ti ọkùnrin lọ, àti pé nínú mẹ́wàá rẹ̀, ẹyọ kan péré ni ọwọ́ obìnrin lè wọ̀ tán. Jíǹsì nìyẹn o, aṣọ tí èèyàn lè wọ̀ jókòó sílé. Mo rò pé ti ìrìn òkè yóò sàn jù, nítorí ẹni tó wà láàárín igbó nílò ọ̀bẹ, ìṣáná, máàpù àti fóònù nítòsí ọwọ́. Ìwé tí wọ́n so mọ́ èyí tí mo rà sọ pé àpò mẹ́rin ló ní. Mo kà wọ́n, wọ́n pé. Mo ki ìka bọ èkíní, kò wọlé. Mo ní bóyá òwú tí wọ́n máa ń fi dí ẹnu àpò aṣọ tuntun ni, mo bá mú abẹ, mo fi sùúrù tú u, ojú abẹ́rẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ẹnu rẹ̀ fi là. Lẹ́yìn òwú náà, itan mi ni mo bá. Kò sí àpò kankan níbẹ̀. Ẹnu lásán ni, bíi ti olóṣèlú.

Ní Yúróòpù ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, àwọn obìnrin a máa so àpò ńlá mọ́ ìbàdí lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń kó sísọ́ọ̀sì, kọ́kọ́rọ́ àti owó sí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tí wọ́n gbé. A ti wá lajú báyìí. Àwọn tó yọ àpò kúrò lára ṣòkòtò wa ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì ìsọ̀ náà, wọ́n ń ta báàgì. Mo ti wá gbà pé ọkùnrin ló pa á lówe pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò. Bó bá ṣe pé obìnrin ni, ì bá ti dé Sókótó, ì bá ti ra ohun náà, ì bá sì máa fi ọwọ́ gbé e bọ̀.

Ẹ foríjì mí, ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò ṣeé fi pamọ́. Bí ìtọ̀ bá gbọn ọkùnrin lórí òkè, yóò kọ ẹ̀yìn sí wa, yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ. Kò tilẹ̀ ní í sọ ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀. Bó bá gbọn obìnrin, yóò kọ́kọ́ wá àpáta tó ga tó o, yóò tú okùn ẹrù nídìí, yóò gbé ẹrù sílẹ̀, yóò tú ìgbànú, yóò tú bọ́tìnnì méjì tó jẹ́ pé ẹwà ni wọ́n fi ṣe, yóò fa síìpù tí kò gùn ju àtàǹpàkò lọ, yóò wá máa bọ́ ṣòkòtò tó fún pinpin náà wálẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ méjì, lójú òtútù, tí ìdí yóò wà ní gbangba fún ẹ̀fọn àti fún ẹnikẹ́ni tó bá gba ìsàlẹ̀ yọ. Bó bá ṣe tán, ó ku bí yóò ṣe fà á gòkè, ṣòkòtò tó sì ti mu òógùn kì í fẹ́ gòkè mọ́. Mo mọ àwọn obìnrin tí kì í fi omi kan ẹnu láti òwúrọ̀ títí wọn yóò fi sọ̀ kalẹ̀, tí òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, tí orí ń fọ́ wọn, tí omi sì kún ìgò tí wọ́n gbé lẹ́yìn, nítorí ṣòkòtò. Àwọn aránṣọ kan wà tó ń fi síìpù láti iwájú gba abẹ́ dé ẹ̀yìn, kí obìnrin lè ṣe bùkátà rẹ̀ láìbọ́ra. Nígbà tí mo béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó ń tajà, ó wò mí bí ẹni tó sọ ìsọkúsọ níwájú àwọn òbí rẹ̀.

Ayé àtijọ́ kò kúkú fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ní 1800, àwọn ọlọ́pàá Paris pàṣẹ pé obìnrin tó bá fẹ́ wọ aṣọ ọkùnrin gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ wọn. Ní 1892 àti 1909 ni wọ́n dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀ fún ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ tàbí tó di ìjánu ẹṣin mú, ó sì di 2013 kí ìjọba Faransé tó kéde pé àṣẹ náà kò múlẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, ọlọ́pàá tó ní o kò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò sàn ju aránṣọ tó gba owó rẹ lọ, tó tà á fún ọ, tí o kò sì rí i wọ̀. Nígbà tí Annie Peck, ọmọ Amẹ́ríkà, gun òkè Matterhorn ní 1895, ṣòkòtò tó wọ̀ gun òkè ló gba ẹnu àwọn èèyàn ju òkè tó gùn lọ. Junko Tabei, ọmọ Japan, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé góńgó Everest, ní 1975. Owó kò sí lọ́wọ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, wọ́n sì fi aṣọ ìkélé àtijọ́ rán ṣòkòtò. Aṣọ ìkélé! Mo rántí èyí tó wà lẹ́nu yàrá kótópó yẹn, mo sì wá mọ̀ pé ohun tó dára jù lọ nínú ìsọ̀ náà ni mo fi sílẹ̀ tí mo bá tèmi lọ.

Ẹ má sì rò pé àwọn iléeṣẹ́ kò gbọ́ igbe wa. Wọ́n gbọ́. Wọ́n mú ṣòkòtò ọkùnrin, wọ́n sún un kì, wọ́n kùn ún ní pínǹkì, wọ́n ní ti obìnrin nìyẹn. Nígbà tí a tún ké, wọ́n fi òwú tó ń fà bíi rọ́bà sí i, irú èyí tí Joseph Shivers ṣe ní iléeṣẹ́ DuPont ní 1958, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe, nítorí pé aṣọ tó bá ń fà kò ní ẹni tí kò ní í gbà. Lóòótọ́ ló ń fà. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, ó ń tẹ̀ lé mi bí ìkarahun ṣe ń tẹ̀ lé ìgbín. Bí mo bá sì jókòó lé òkúta, òkúta náà a fọwọ́ síwèé sí mi nídìí. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa ló wá sọ ọ́ di oge. Wọn á wọ èyí tó lẹ̀ mọ́ ara bí awọ, wọn á dé ẹsẹ̀ òkè, wọn á ya àwòrán méjìlélógún, wọn á sì ti padà kí ẹ̀gún tó mọ̀ pé àlejò wá. Fóònù tí wọ́n fi ya gbogbo rẹ̀, inú kọ́mú ni wọ́n ń kó o sí.

Kí n má purọ́, mo ti rí èyí tó dára lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi aṣọ kékeré onígun mẹ́rin sí àárín itan méjèèjì kí ẹsẹ̀ lè yà láìjẹ́ pé aṣọ ya; wọ́n gbé ẹ̀yìn ìbàdí rẹ̀ ga ju iwájú lọ kó má bàa ṣí nígbà tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀; wọ́n ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kúkúrú, ní ìwọ̀nba àti ní gígùn; àpò oní-síìpù sì wà ní itan ọ̀tún, tó jìn débi tí fóònù ń sùn gbalaja nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wọ̀ ọ́. Mo fò odò, mo gun igi, mo sì ń bẹ̀rẹ̀ níwájú àwọn àgbàlagbà láìfòyà. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ já, mo sáré lọ ra òmíràn, wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe. Àtúnṣe náà ni pé wọ́n yọ àpò itan kúrò, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rọra là á yé mi, ó ń mú kí itan yọ kókó nínú àwòrán.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wọ ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìyẹn. Ó tóbi ní ìbàdí, mo fi ìgbànú so ó; ó gùn, mo ká a lẹ́ẹ̀mejì; wọ́n ní bí mo bá ń bọ̀ lókèèrè, àgọ́ tó ń rìn ni mo jọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ́kọ́ fi gun òkè. Nígbà tí mo dé orí àpáta, mo dúró bí arẹwà inú àwòrán, mo gbójú sókè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, mo fẹ́ gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ni mo bá rántí pé mo ti di ẹni tó lápò. Mo ti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́. Ọwọ́ wọlé, ọrùn ọwọ́ wọlé, ó ku díẹ̀ kí ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ lé e, n kò sì tíì kan ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo kàn án, ohun tútù kan wà níbẹ̀: kọ́kọ́rọ́ àpótí tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá láti ọdún méjì, tó torí rẹ̀ bá gbogbo ilé jà, tó sì búra pé èmi ni mo gbé e. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, mo dá a padà sí ìsàlẹ̀ àpò, mo sì fa síìpù rẹ̀ dé.