Omi ló ń yọ́ òkúta, kì í ṣe iná nìkan

Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé pé adágún iná ló wà lábẹ́ ilẹ̀, pé ibẹ̀ ni òkè ayọnáyèéfín ti ń pọn ún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òkúta líle ló wà lọ́hùn-ún. Ó gbóná janjan, ṣùgbọ́n ẹrù tó wà lórí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kó yọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Nikarágúà, ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun Pasífíìkì ń rì wọ abẹ́ orílẹ̀-èdè náà, ó sì gbé omi dání. Omi yìí ti wọnú òkúta, ó ti di ara rẹ̀. Tó bá dé nǹkan bíi 100 kìlómítà nísàlẹ̀, ooru á ti lé omi náà jáde, á sì wọ inú òkúta gbígbóná tó wà lókè rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi káún se ẹ̀wà rí á mọ ohun tí mò ń sọ: kò fi igi kún iná, ẹ̀wà olóríkunkun ọ̀hún sì rọ̀. Òkúta tí ooru rẹ̀ ì bá ju 1,400 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó yọ́, tí omi bá ti wọ̀ ọ́ yó, kò ní dé 1,100 tí á fi bẹ̀rẹ̀. Bí básáltì ibẹ̀, òkúta dúdú tí òkè ayọnáyèéfín ń tú jáde ní yíyọ́, ṣe ń pilẹ̀ nìyẹn. (Ní Iceland, pé ẹrù fúyẹ́ lórí òkúta ló ń ṣiṣẹ́ jù, mi ò ní purọ́.)

Òkè kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Cerro Negro, Òkè Dúdú. Ọdún 1850 ló yọ. Lọ́dún 1992 ó bú gbàù, eérú dúdú sì bo ìlú León. Ti 1995 kò le tó bẹ́ẹ̀, òkúta yíyọ́ rọra ṣàn jáde. Àwọn onímọ̀ ṣa hóró olivine, òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé, láti inú méjèèjì. Nígbà tí hóró yìí ń dì nísàlẹ̀, ẹ̀kán básáltì há sínú rẹ̀, omi inú ẹ̀kán náà kò sì rọ́nà sá. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Nínú ti 1992, omi tó nǹkan bí ìdá 6 nínú 100. Ti 1995 kéré sí i gan-an, torí omi ti jò lọ kó tó jáde.

Ohun tó wú mi lórí jù nìyí: omi kan náà tó yọ́ òkúta ló tún fọ́ ọ. Bó ṣe ń gòkè ló ń hó bí ẹmu òwúrọ̀ nínú kèrègbè. Ihò wẹ́wẹ́ tó kún ara òkúta dúdú ibẹ̀, ojú ibi tí omi gbà jáde ni.