Ẹ Kọ Oúnjẹ Mọ́ Ìtọ́jú Alárùn Jẹjẹrẹ Ọ̀fun

Bí ènìyàn bá dúró ní ibùdókọ̀ Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta níbí ní kùtùkùtù, kò ní pẹ́ dá aláìsàn tó ń lọ gba ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà l'Ékòó tàbí ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn mọ̀. Á fi ìborùn wé ọrùn, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á gbé fúláàsì ògì dání, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa padà dé lálẹ́, ògì náà á ṣì kún dé ọrùn fúláàsì. Ebi ń pa á. Ẹnu ni kò gbà á.

Jẹjẹrẹ ẹnu, ahọ́n, ọ̀nà ọ̀fun àti gògóńgò ni a ń sọ. Ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ sábà máa ń gba ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 7, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, inú ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, itọ́ á gbẹ, ẹran á dà bíi pákó lẹ́nu. Egbò náà tún lè le sí i fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ìtànṣán bá parí. Rírù tí aláìsàn bá ń rù ní gbogbo àkókò yìí ń ba iṣẹ́ ẹ̀rọ ìtànṣán náà gan-an jẹ́, nítorí ìbòjú oníke tí wọ́n ṣe sí ìwọ̀n ojú àti ọrùn rẹ̀, kí ó má baà mira lábẹ́ ẹ̀rọ, á fẹ̀ jù ú lọ, ìtànṣán á sì lè yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ṣírò rẹ̀ sí.

Aláìsàn tó wọn kìlógíráàmù 60 nílò èròjà amáradàgbà tó tó gíráàmù 72 sí 90 lójúmọ́. Nǹkan bíi gíráàmù 6 ni ti ẹyin kan; ti ògì tí a fi omi là kò tó nǹkan. Ògì kò ṣẹ̀ wá o, ohun tí a kò pò mọ́ ọn ni: wàrà, sóyà, ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná. Ọ̀lẹ̀ tó rọ̀ dára, gbẹ̀gìrì tí kò ní ata dára, àwa Ẹ̀gbá tí a sì fẹ́ràn láfún mọ ohun tí ewédú ń ṣe fún òkèlè. Kí á lọ ẹja gbígbẹ sí i, kí á yọ ata kúrò. Àwọn tó ń ka wàrà, ẹran àti ṣúgà léèwọ̀ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n gbọ́ pé jẹjẹrẹ ló ń jẹ ẹ́, ebi ni wọ́n ń fi pa á.

Ṣùgbọ́n ẹbí nìkan kọ́ la bá wí. Dókítà á kọ oògùn sínú ìwé aláìsàn, á kọ iye ìgbà tí yóò lò ó. Tó bá kan oúnjẹ, “ẹ máa jẹun dáadáa” ló kù. Èrò wa ni pé kò yẹ kí aláìsàn kankan dé abẹ́ ẹ̀rọ kí onímọ̀ oúnjẹ tó rí i, kí wọ́n sì máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí egbò ẹnu yóò fi jinná. Ẹni tó ń gba ìtànṣán ní ìlú mìíràn yẹ kó lè ṣe èyí ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Abà tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ n'Íjàyè, nítorí òṣùwọ̀n kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá, yunifásítì FUNAAB sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ oúnjẹ àti ìtọ́jú aláìsàn ní Alábàtà níbí.

Ibi tó ti le ni rọ́bà oúnjẹ, èyí tí wọ́n ń gba imú kì bọ inú ikùn, tàbí tí wọ́n ń la ihò kékeré sí ikùn fún. Bí àwọn ẹbí bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló sì jẹ́ pé fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, tí a sì ń gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n ṣì máa gbé omi mì díẹ̀díẹ̀, bí dókítà bá fọwọ́ sí i, kí ọ̀fun má baà gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Owó ló tún kù. Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. A fẹ́ kí ti Ìpínlẹ̀ Ògùn san owó rọ́bà yìí, owó oúnjẹ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá àti owó onímọ̀ oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń san owó oògùn. Nígbà tí ìwé ètò ìṣúná bá tún dé Òkè-Mosàn, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ wa, ìlà yẹn ni a ó kọ́kọ́ wá.