Etí Àgbà, Ìka Ọmọdé

Lálẹ́ àná, mo yí láti kọ́ọ̀dù G (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) bọ́ sí kọ́ọ̀dù C láìwo ìka mi. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o, ẹ̀ẹ̀mẹjọ léraléra ni, okùn kankan ò kùn, ìkankan ò yadi. Mo gbé gìtá lé itan, mò ń dá nìkan rẹ́rìn-ín nínú yàrá bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ló gbà mí kí n tó débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kó tètè ṣe é tán, nítorí kò tì mí lójú mọ́, ọ̀rọ̀ sì wà nínú mi tí mo fẹ́ sọ.

Ẹni ọdún 43 ni mí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun kò bá orin tan. Bí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé mò ń kọ́ gìtá, ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bi mí. Èkíní: "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Èkejì: "Ṣé kò ti pẹ́ jù?" Èkíní ló máa ń bí mi nínú. Ó wá dà bí ẹni pé ohun tí kò bá ti ní mówó wọlé, tí kò sì ní gbé èèyàn dé orí pèpéle, àgbàlagbà ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo fẹ́ máa ta á ni. Mo fẹ́ jókòó lálẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá tán, kí n ta á, kí n gbé e kọ́, kí n lọ sùn. Ó parí síbẹ̀.

Èkejì yẹn ni mo fẹ́ dáhùn dáadáa, nítorí èmi náà ti bi ara mi rí.

Gbogbo ayé ló gbà pé ìka àgbàlagbà ti gan, pé ìgbà èwe ni wọ́n ń kọ́ ohun èlò orin. Mi ò jiyàn pé ìka ọmọdé rọ̀ ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe ìka ló ń dá àgbàlagbà dúró, etí ni. Ó ti ń lọ bí ogójì ọdún tí etí mi ti ń gbọ́ àwọn tó mọ gìtá ta. Ó mọ èyí tó dùn, ó mọ èyí tó kan. Ìka mi ńkọ́? Èṣí ni wọ́n bí i. Ohunkóhun tí ìka bá wá ṣe, etí á ti kígbe pé báyìí kọ́ o. Àgbà kan wà nínú orí mi tó ń ṣe òfíntótó ọmọ tuntun jòjòló tí kò tíì lè jókòó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà, ọmọ ọdún 11, ọ̀sẹ̀ kan náà la jọ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kọ́ kọ́ọ̀dù C, okùn méjì nínú tirẹ̀ ló kú pátápátá, tọ́, tọ́ ni wọ́n ń dún bí ẹni ń kan pákó. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ń tàn: "Ánkù, ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn!" Kò dùn rárá. Ṣùgbọ́n ó dùn létí tirẹ̀, ló bá ń ta á lọ títí wọ́n fi ní kó lọ sùn. Èmi ta tèmi bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo fajú ro, mo gbé gìtá sílẹ̀. Ẹ bá mi dá a: ẹni tó ta á ní ìgbà ọgọ́rùn-ún àti ẹni tó ta á lẹ́ẹ̀mẹrin, ta ni yóò tètè mọ̀ ọ́n? Ẹ má dá ìka lẹ́bi.

Wọ́n ní bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bágbà bá ṣubú a wẹ̀yìn wò. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, èrò mi sì ni pé wọ́n fi ń yin àgbà ni, pé ó ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Ìdí gìtá ni mo ti rí apá kejì òwe yẹn. Nígbà mìíràn, àgbà tó ń wẹ̀yìn wò kò wá ohunkóhun, ó ń wò ó bóyá ẹnì kan rí òun ni. Ọmọdé ti dìde, ó ti sáré lọ.

Mo sá kúrò nídìí rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ìyẹn. Fídíò kan ni mo wò tó ní ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni mo máa fi mọ gìtá ta, mo sì gbà á gbọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ pé, ó lé mẹ́ta, mi ò tíì lè ta ẹsẹ orin kan já. Mo ti gìtá bọ àpò, mo fa síìpù rẹ̀ pa, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Inú ṣì ń bí mi sí irú fídíò bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ lè dára o, ọjọ́ tí wọ́n dá síwájú rẹ̀ ni irọ́, ẹni tí ọjọ́ bá sì pé fún tí kò mọ̀ ọ́n á gbà pé òun ni olódo.

Ohun tó dá mi padà kò ní ògo kankan nínú. Mò ń wá ohun kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo yọ gìtá kúrò lọ́nà, mo gbé e lé àga, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọjá, ọwọ́ mi á kàn án. Lọ́jọ́ kẹta mo jókòó tì í. Síìpù yẹn ni ọ̀tá mi látìgbà yìí wá! Mo kan ìkọ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí mo máa ń jókòó sí, ibẹ̀ ló wà dòní.

Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ Sátidé ni mo yà sọ́tọ̀ fún un, wákàtí 3 gbáko. Nígbà tí mo padà, mo sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́. Bí a bá ní ká ṣírò rẹ̀, wákàtí 3 lọ́sẹ̀ jẹ́ wákàtí 156 lọ́dún, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ ò sì ju nǹkan bíi 91 lọ. Ìṣirò gan-an ò gbè mí! Ṣùgbọ́n Sátidé mélòó ni mo jókòó tì í ní tòótọ́? Lónìí àlejò dé, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ti rẹ̀ mí. Èyí tí mo bá sì jókòó fún, tó bá ti tó nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, orí ìka mi á ti máa jó mi bí iná, ọkàn mi á ti lọ, mo kàn ń ta àṣìṣe kan náà ní àtàtúnta ni. Ọwọ́ ò sì mọ̀ pé àṣìṣe ni, èyí tó bá ṣe jù ló ń há sórí.

Ọ̀rọ̀ orí ìka yẹn, ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ kó má jẹ́ kó já òun láyà. Okùn irin ni ti gìtá mi, ó le ju okùn ọ̀rá lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò lè tẹ fóònù dáadáa lọ́wọ́ òsì. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, awọ ibẹ̀ yi, ìrora sì lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí mo fi sá, awọ náà ti bó, mo tún un jẹ látìbẹ̀rẹ̀. Apá kan ìrora yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Mò ń tẹ okùn bí ẹni ń pa ìdun! Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò sọ́rùn gìtá, àwọn fírẹ́ẹ̀tì, bí ìka bá wà lẹ́yìn wọn gẹ́rẹ́, agbára díẹ̀ ti tó kí okùn dún ketekete. Bí ìka bá jìnnà sí i, okùn á máa kùn bí eṣinṣin, ẹni tí kò mọ̀ á sì máa tẹ̀ ẹ́ le sí i. Kẹ́ ẹ sì gé èékánná ọwọ́ òsì o.

Okùn tún já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ tún ohùn gìtá ṣe, mò ń ta okùn kẹta (èyí tó tín-ín-rín jù la fi ń ṣe okùn kìn-ín-ní), mò ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lókè, okùn ò gòkè. Mo tún yí i, kò gbọ́. Mo ní kí ló ń ṣe é? Mo yí i sí i. Pàá! Okùn kejì ló já, ó nà mí lẹ́yìn ọwọ́. Kọ́kọ́rọ́ okùn kejì ni mo ti ń yí látàárọ̀.

Etí mi ò ṣẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣá, ó mọ̀ pé okùn kẹta kò tíì dé ibi tó ń lọ. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń sọ pé àwọn ò létí orin. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ èdè tí igbá, igba àti ìgbà ò ti jẹ́ nǹkan kan náà! Dò, re, mí gan-an la fi ń pe àmì ohùn èdè wa. Ẹ tún ohùn gìtá ṣe fúnra yín lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ tó ta á, láti orí okùn tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù: E, A, D, G, B, E. Áàpù lè máa ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fetí ara yín gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sọ bóyá ó lọ sókè jù tàbí ó wálẹ̀ jù, kẹ́ ẹ tó wo fóònù. Láàárín oṣù méjì, mo ti ń bá áàpù náà fohùn ṣọ̀kan ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí G àti C tí mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti gbà pé díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà àwọn ọ̀lẹ. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní G ni pé ìka àárín á wà lórí okùn kẹfà ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta, ìfábẹ̀lá lórí okùn karùn-ún ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, ìka òrùka lórí okùn kìn-ín-ní ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta. Bí mo bá wá ń lọ sí C, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fò sókè bí adìyẹ tó rí àṣá, kálukú á sì balẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Orin á ti lọ. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń sáré lé e, èrò mi ni pé tí mo bá túbọ̀ yára, ó máa bọ́ sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi metronome, ẹ̀rọ tó ń dún kọ́, kọ́ láti fi ìwọ̀n eré orin hàn, sí 40, ìyẹn ni pé ó ń dún lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀. Kọ́, kọ́, kọ́, kọ́, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà gbáko lórí kọ́ọ̀dù kan. Ó ń súni bí ìwàásù gígùn. Níbi tó ti ń sú mi ni mo ti ráyè wo ọwọ́ mi. Mo ní, bí mo bá fi ọmọ-ìka kékeré tẹ okùn kìn-ín-ní ńkọ́, kí ìka òrùka bọ́ sórí okùn kẹfà, kí ìka àárín bọ́ sórí ìkarùn-ún? G kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ lọ sí C, ìka òrùka àti ìka àárín kàn jọ rọra sún okùn kan péré ni, láìkúrò ní fírẹ́ẹ̀tì wọn. Bí èèyàn méjì tó jọ ń rìn. Ìfábẹ̀lá ló kù tó lọ bá okùn kejì, ọmọ-ìka kékeré sì gbéra. Mo dáwọ́ dúró, mo wo ọwọ́ náà títí. Ibẹ̀ ló wà látọjọ́ yìí. Eré tí mò ń sá ni kò jẹ́ kí n rí i.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ta á máa rẹ́rìn-ín, torí nǹkan tí gbogbo wọn mọ̀ ni. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo rí tèmi, kò sì ní kúrò lọ́wọ́ mi mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí bóyá ó ti pẹ́ jù, mo máa ń sọ̀rọ̀ Elizabeth Cotten fún un, ìyá Amẹ́ríkà kan tó kọ́ gìtá fúnra rẹ̀ ní kékeré, tó pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó jẹ́ pé ilé onílé ló ti ń ṣiṣẹ́ kó tó tún gbé e. Ó ti lé ní 60 ọdún nígbà tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1958. Ó gba Grammy lọ́dún 1985. Ọlọ́wọ́ òsì ni, gìtá tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló sì ń dojú rẹ̀ dé ta, tó fi jẹ́ pé àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń ta ohùn òkè, tí ìka rẹ̀ ń ta ohùn ìsàlẹ̀. Lóòótọ́, ó ti mọ díẹ̀ láti kékeré, kò bá tèmi dọ́gba. Mi ò sì ní Grammy lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìka ẹni tó ti lé ní 60 ṣì gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, tèmi ọdún 43 kò ní àwáwí.

Ní báyìí, F ló kù tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń wọ̀yá ìjà. Ìfábẹ̀lá gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní fírẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní, níbi tí okùn ti le jù, kí ìka mẹ́ta yòókù sì máa bá iṣẹ́ tiwọn lọ. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbé gìtá wọn fún àbúrò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń ta á tipẹ́, ó ti fi mí sílẹ̀ lọ, òun ló sì ní kí n má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: "Ánkù, ẹ gbé e lọ sí ìkarùn-ún, ó rọ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ kan náà ni, ní fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún A ló ń jẹ́, okùn sì rọ̀ níbẹ̀. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ sí ìkẹrin, mo lo méjì. Ìrọ̀lẹ́ òní ni mo dé ìkẹta. Okùn kejì ṣì ń yadi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku fírẹ́ẹ̀tì méjì.